Bí Ọ̀gá Dáramọ́lá Ṣe Fún Fọ́tò Omi Bí Ẹni Fún Gàrí

Oṣù kẹta ọdún 2012 ni mo kọ́kọ́ gbọ́ ọ̀rọ̀ yìí, níwájú ṣọ́ọ̀bù onífọ́tò kan ní Ìyànà Ìpájà, níbi tí mo ti lọ ya fọ́tò pélébé mẹ́rin tí wọ́n béèrè lọ́wọ́ mi ní báńkì. Onífọ́tò ní mo ṣẹ́jú. Mo ní mi ò ṣẹ́jú. Ó ní mo ṣẹ́jú. Ibi tí a ti ń fà á mọ́ra wa lọ́wọ́ ni ó ti sọ pé ojú mi ṣòro yà ju ojú Ọ̀gá Dáramọ́lá lọ, bẹ́ẹ̀ òun ti ya ọ̀gá yẹn ní irinwó ìgbà ó lé méjìlá. Mo ní irọ́ ni. Ó ní òtítọ́ ni, ó sì sọ ìyókù fún mi. N kò gbà á gbọ́. Mo wá ẹ̀dà ìwé ìwádìí tí ìjọba ṣe lórí ọ̀rọ̀ náà títí mo fi rí i, mo sì fi ọjọ́ mọ́kànlá kà á, láti ojú ìwé kìíní dé ibi tí wọ́n fọwọ́ sí. Onífọ́tò kò parọ́. Ó tilẹ̀ dín in kù.

Ilé ìjọba kan wà ní Ẹgbẹ́dá nígbà náà tí wọ́n ń pè ní Ilé Àwòrán Omi. Ẹ má wulẹ̀ wá a lọ, wọ́n ti kó o kúrò níbẹ̀. Iṣẹ́ ilé náà kò ṣòro láti ṣàlàyé. Kànga mẹ́rìndínláàádọ́ta ni wọ́n yàn káàkiri Ìkọ̀tún, Ẹgbẹ́dá àti Ìgàndò. Lóṣooṣù, wọn a bu omi nínú ọ̀kọ̀ọ̀kan, wọn a kán ẹ̀kán kan sórí gíláàsì, wọn a gbé e sábẹ́ awò tí ó ń sọ ohun tí ojú kò rí di ńlá, wọn a sì ya á ní fọ́tò lẹ́ẹ̀mẹta. Fọ́tò náà a wọ inú kọ̀ǹpútà ńlá kan nínú yàrá tútù, ibẹ̀ ni yóò sì máa gbé. Oṣù kìíní ọdún 2003 ni wọ́n bẹ̀rẹ̀. Nígbà tí ọdún 2010 fi máa parí, fọ́tò omi tí ó wà níbẹ̀ ti di ẹgbẹ̀rún mẹ́tàlá ó lé igba ó lé méjìdínláàádọ́ta. Ẹni tí kò bá gbà, kí ó ṣírò rẹ̀. Èmi ti ṣírò rẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì.

Ẹni tí ó ya èyí tí ó pọ̀ jù nínú wọn ni Ìdíátù, ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́ kan tí ó ní sùúrù bí ẹni ń ṣa òkúta nínú ìrẹsì. Òun, ọkọ rẹ̀, àti Àmínát ọmọ rẹ̀ ń gbé ní Òpópónà Olómidídùn ní Ìgàndò. Ẹni tí ó sọ òpópónà náà lórúkọ yẹn ti kú kí ààtàn tó dé ẹ̀yìnkùlé wọn. Mẹ́fà nínú àwọn kànga tí wọ́n ń yà wà níbẹ̀. Ní 2003, omi wọn mọ́ nínú fọ́tò bí gíláàsì tí a ṣẹ̀ṣẹ̀ nù. Ní 2006, nǹkan kan tín-ín-rín bí òwú yọjú. Ní 2009, òwú náà ti fẹ́yàwó, ó ti bímọ, ó ti pe àwọn ará ilé rẹ̀ wá.

Ara òwú yìí ní irun wínníwínní lẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Irun yẹn ni kí ẹ fi sọ́kàn. Òwú tí kò nírun, kòkòrò inú omi lásán ni, kì í ṣe ènìyàn ní nǹkan. Òwú onírun, inú ìdọ̀tí ààtàn ni ó ti ń wá, òun ni ó sì ń da inú àwọn ọmọ Olómidídùn rú láti ọdún dé ọdún. Ìjọba ti sọ pé bí fọ́tò ọdún mẹ́jọ bá lè fi hàn pé òwú onírun ni, tí ó sì ń pọ̀ sí i, àwọn yóò fa páìpù omi mímọ́ dé òpópónà náà, wọn yóò sì rán ènìyàn wá wò ó ní oṣù kẹta ọdún 2011. Gbogbo ìrètí àwọn ará ibẹ̀, orí irun kòkòrò ni ó wà.

Ibi tí ọ̀rọ̀ dé nìyí tí wọ́n fi gbé Ọ̀gá Zacchaeus Dáramọ́lá wá.

Ní 2009 ni wọ́n fi í ṣe olórí ilé náà. Ohun tí ó mọ̀ nípa omi kò ju pé ó máa ń tutù lọ. Ó ti bá àwọn kan polongo ìbò, wọ́n sì ń wá ibi tí wọn yóò fi í sí tí kò ti ní rí nǹkan bà jẹ́. Ọ̀kan nínú wọn ní, fọ́tò omi, kí ni ó fẹ́ bà jẹ́ níbẹ̀? Mo fẹ́ kí ẹ mọ̀ pé ẹni tí ó sọ bẹ́ẹ̀ ṣì wà lẹ́nu iṣẹ́.

Ọ̀gá Dáramọ́lá kúrú díẹ̀. Ìyẹn kì í ṣe ẹ̀ṣẹ̀. Ohun tí ó ṣe sí i ni ẹ̀ṣẹ̀. Ó ní kí káfíńtà kan pákó pọ̀ ní àtẹ̀gùn mẹ́ta, wọ́n gbé tábìlì àti àga rẹ̀ sórí rẹ̀, ẹni tí ó bá mú fáìlì wá á kọ́kọ́ gùn ún bí ẹni ń gun pẹ́tẹ́ẹ̀sì. Láràárọ̀, gbogbo òṣìṣẹ́ á tò sí ìsàlẹ̀, wọn á ki orúkọ rẹ̀ tán pátá: Olóyè, Ẹnjiníà, Alàgbà Zacchaeus Dáramọ́lá, Ojú Tí Ń Rí Omi Kí Omi Tó Ṣàn. Bí ohùn ẹnì kan bá lọ sílẹ̀, wọn á bẹ̀rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀. Ó tún kọ ìwé lẹ́ ara ògiri pé bí òun bá sín, kí gbogbo ilé dìde dúró, kí wọ́n sọ pé, “Ẹ̀mí ọ̀gá á gùn.” Ọyẹ́ mú gan-an lọ́dún yẹn. Kò sí ẹni tí ó rí iṣẹ́ ṣe.

Aṣáájú nínú gbogbo èyí ni Julius, awakọ̀ rẹ̀, àgbàlagbà tí orí rẹ̀ ti pá, tí ó yẹ kí ó mọ̀ ju bẹ́ẹ̀ lọ. Bí ọ̀gá bá sọ̀rọ̀ tán, á bi Julius léèrè bí ó ṣe rí. Julius á ní òun kò gbọ́ ìparí rẹ̀, pé ẹkún ti gba òun lójú láti ìbẹ̀rẹ̀.

Lẹ́yìn náà ni fọ́tò. Onífọ́tò Ìyànà Ìpájà yẹn kò gbádùn oorun mọ́. Wọ́n á pè é kí ó wá ya ọ̀gá níbi tí ó ti ń ka ìwé ìròyìn, níbi tí ó ti ń ronú, níbi tí ó ti ń gba fóònù tí a kò tàn. Wọ́n yà á níbi tí ó ti ń wo inú awò kòkòrò, ojú rẹ̀ sì wà ní ibi tí omi ń gbé. Gbogbo rẹ̀ ni ó ní kí wọ́n yà ní títóbi tí ẹ̀rọ náà lè yà á dé, kí wọ́n sì kó o sínú kọ̀ǹpútà omi. Ó ní ojú olórí kò gbọdọ̀ kéré. Fọ́tò rẹ̀ ẹyọ kan ṣoṣo ń gba ààyè tí igba fọ́tò omi ń gbà.

Ní oṣù kejìlá ọdún 2010, Àlàájì Jibril, olórí àwọn onílé ní Olómidídùn, kọ lẹ́tà pé omi àwọn kò dára. Ó kọ ọ́ pẹ̀lú ọ̀wọ̀, ó sì kí ìyàwó ọ̀gá nínú rẹ̀. Ọ̀gá kà á, ojú rẹ̀ le. Ó ní, ẹnì kan ń bú omi tí ojú òun ti wò. Ó di mọ́tò mẹ́ta, ó kọrí sí Ìgàndò.

Ọ̀rọ̀ tí ó sọ níbẹ̀ gba wákàtí kan. Díẹ̀ nínú rẹ̀ wà nínú ìwé ìwádìí.

“Ẹ̀yin ará Olómidídùn,” ni ó wí, “ẹ ní omi yín ń ṣe yín níkà. Omi kì í ṣèkà. Ènìyàn ni ó ń ṣèkà. Èmi Dáramọ́lá yóò mu omi yìí lójú gbogbo yín. Bí mo bá kú, kí wọ́n fi orúkọ mi sọ òpópónà yìí. Bí n kò bá kú, kí Àlàájì kọ lẹ́tà mìíràn láti fi dúpẹ́.”

Wọ́n fa omi láti inú kànga. Julius gbé ife gíláàsì kan jáde lórí àwo, tówẹ̀lì funfun wà lápá rẹ̀. Ó gba garawa, ó kẹ́yìn sí àwọn ènìyàn, ó ní òun ń fẹ́ kí ìdọ̀tí rọlẹ̀. Ìgbà tí ó yíjú padà, ife ti kún. Ọ̀gá gbà á, ó mu ún dé ìsàlẹ̀, ó gùnfẹ̀. Onífọ́tò ya ọgbọ̀n fọ́tò. Nígbà tí wọ́n padà dé Ẹgbẹ́dá, ọ̀gá kọ ọ́ sínú ìwé, ó sì fọwọ́ sí i pé: “Omi náà dára. Èmi fúnra mi mu ún.”

Ọgbọ̀n fọ́tò yẹn ni kọ̀ǹpútà kò lè gbé mì.

Ẹni tí ń tọ́jú kọ̀ǹpútà ni Abdulganiyy, ọmọ Ìbàdàn tí kì í sọ̀rọ̀ púpọ̀. Ó gun àtẹ̀gùn mẹ́ta, ó ní kọ̀ǹpútà ti kún, kí wọ́n ra àpótí ìpamọ́ mìíràn mọ́ ọn, tàbí kí wọ́n kó àwọn fọ́tò ọ̀gá sórí sídíì.

“Kí ẹ kó ta ni,” ni ọ̀gá wí, “sórí kí ni?”

 Abdulganiyy wá ṣàlàyé pé a lè fún fọ́tò kí ó kéré, àti pé ọ̀nà méjì ni ó wà. Ọ̀nà kìíní dà bí kíká aṣọ. Kò kéré púpọ̀, ṣùgbọ́n ọjọ́ tí ẹ bá tú u, aṣọ yín náà ni, bọ́tìnnì kan kò sọnù. Ọ̀nà kejì dà bí gígé aṣọ. Ó kéré gan-an, ṣùgbọ́n ohun tí ẹ bá gé dànù ti lọ nìyẹn. Ó ní fọ́tò tí dókítà máa wò, kíká ni ó yẹ ẹ́.

Ọ̀gá béèrè èyí tí ó ń kéré jù nínú méjèèjì. Abdulganiyy ní gígé ni.

Ọ̀gá dìde lórí pákó rẹ̀. Ẹ̀yin tí ẹ ń kà á, bí ẹni tí kò mọ nǹkan bá dìde kí ó tó sọ̀rọ̀, ẹ yáa wá ibi jókòó sí.

“Ìyá tí ó bí mi,” ni ó wí, “gàrí ni ó fi tọ́ mi ní Oǹdó. Ṣé èmi ni kọ̀ǹpútà fẹ́ kọ́ ní fífún? A rin ẹ̀gẹ́, a dì í sínú àpò, a gbé òkúta lé e. Kí ni ó jáde?”

Julius ní omi ni.

“Kí ni ó kù?”

Julius ní gàrí ni.

“A yan án, ó gbẹ, ó kéré. Ọjọ́ tí ebi bá dé, a bu omi sí i. Julius, kí ni ó ṣe?”

“Ó wú, ọ̀gá.”

“Ó wú. Ó kún abọ́. Ìwọ Abdulganiyy, o kàwé o kàwé, ìyá rẹ kò fi gàrí hàn ọ́. Ẹ fún gbogbo fọ́tò omi, ẹ lo èyí tí ó ń kéré jù. Ọjọ́ tí àlejò bá dé, a ó bu omi sí i.”

Wọ́n pàtẹ́wọ́. Ìwé ìwádìí sọ pé ìṣẹ́jú mẹ́rin ni wọ́n fi pàtẹ́wọ́, nítorí ẹni àkọ́kọ́ tí yóò dákẹ́ ni kò sí. Ìdíátù nìkan ni ó na ọwọ́ sókè.

Ó ní, “Ẹ jọ̀ọ́ sà, irun ara kòkòrò Olómidídùn ńkọ́? Ó tín-ín-rín gan-an. Bí a bá gé e, irun yẹn ni yóò kọ́kọ́ lọ.”

“Irun?” ni ọ̀gá wí. “Ìdíátù, ṣé ilé onígbàjámọ̀ ni wọ́n gbà ọ́ sí ni?”

Gbogbo ilé rẹ́rìn-ín. Ìdíátù bẹ̀ ẹ́ pé kí wọ́n fi èyí tí wọn kò tí ì fún pa mọ́ síbì kan. Ọ̀gá ní, ta ni ń fi ẹ̀gẹ́ pa mọ́ lẹ́yìn tí ó ti yan gàrí? Ó bẹ̀ ẹ́ pé kí òun fi owó ara òun ra sídíì, kí òun kó ti kànga mẹ́fà yẹn nìkan sí i. Lọ́jọ́ kejì, ìwé tuntun kan wà lára ògiri: Òṣìṣẹ́ tí a bá ká kòkòrò ìjọba mọ́ lọ́wọ́ nílé rẹ̀, olè ni.

Abdulganiyy gbìyànjú. Ó fi ti Olómidídùn pa mọ́ sí igun kan nínú kọ̀ǹpútà, ó sọ fáìlì náà ní Ìwé Ìsinmi Òṣìṣẹ́. Julius, tí ó ń wá ìsinmi, ṣí i, ó rí kòkòrò. Ó lọ sọ. Wọ́n ní kí Abdulganiyy pa á rẹ́ níṣojú ọ̀gá, ó sì pa á rẹ́.

Fífún náà bẹ̀rẹ̀ ní ọjọ́ Ẹtì àkọ́kọ́ nínú ọdún 2011. Ọ̀gá wọ ìbọ̀wọ́ funfun, ó gbàdúrà, ó fi ìka ara rẹ̀ tẹ bọ́tìnnì. Fọ́tò omi kọ̀ọ̀kan dínkù sí ìdajì ní gígùn àti ní fífẹ̀. Ààyè ṣí sílẹ̀ nínú kọ̀ǹpútà. Inú ọ̀gá dùn débi pé ó ní ẹ̀ẹ̀kan kò tó. Gàrí tí ó bá dára, ó yẹ kí ó pẹ́ lábẹ́ òkúta. Ó ní ọjọ́ Ẹtì méje ni wọn yóò fi fún un, ìdajì lórí ìdajì. Nígbà tí ó sì rántí òkúta, ó ní kí wọ́n lọ gbé ọ̀kan wá. Wọ́n gbé e lé orí kọ̀ǹpútà, kí ó lè mọ̀ pé àwọn kò ṣeré. Abdulganiyy tẹ́ aṣọ sábẹ́ rẹ̀.

Ìdíátù ń wò wọ́n lọ́jọ́ Ajé tí ó bá tẹ̀ lé e. Lẹ́yìn ọjọ́ Ẹtì àkọ́kọ́, irun ṣì wà. Lẹ́yìn ìkejì, irun dà bí eruku. Lẹ́yìn ìkẹta, kò sí irun mọ́. Lẹ́yìn ìkẹrin, òwú ti di ìgbálẹ̀ tí ó ṣẹ́. Lẹ́yìn ìkarùn-ún, èèrà. Lẹ́yìn ìkẹfà, àbàwọ́n. Lẹ́yìn ìkeje, nǹkan onígun mẹ́rin mẹ́rin ni ó kù, bí ilẹ̀ ilé ìwẹ̀ tí wọ́n lẹ táìlì sí. Ó jókòó, ó kà wọ́n. Igba ó dín mẹ́jọ ni táìlì inú fọ́tò kọ̀ọ̀kan, fọ́tò omi mímọ́ ti 2003 kò sì yàtọ̀ sí ti 2010 mọ́.

Ó tẹ ọ̀kan jáde, ó gbé e gun àtẹ̀gùn mẹ́ta lọ bá ọ̀gá. Ọ̀gá wò ó dáadáa, ó ní ó rẹwà, pé bí wọ́n bá fi irú rẹ̀ ṣe ankará, ìyàwó òun á rà á. Ìdíátù ní, “Ọ̀gá, páìpù àdúgbò wa wà nínú ìwé yìí. Ọmọ mi ń mu omi yẹn.” Ọ̀gá ní kí ó fọkàn balẹ̀, gbígbẹ ni ó gbẹ. Ó wá sín. Ìdíátù dúró tẹ́lẹ̀, kò níbi tí yóò dìde sí. Ó ní, “Ẹ̀mí ọ̀gá á gùn,” ó sọ̀kalẹ̀.

Àwọn tí ó wà lókè kọ lẹ́tà ìyìn sí i pé ó dín ìnáwó kù. Ó ya fọ́tò pẹ̀lú lẹ́tà náà.

Àlejò dé ní Ọjọ́bọ̀ kan nínú oṣù kẹta, ní ọ̀sán gangan. Ọ̀jọ̀gbọ́n Ọláyẹmí Akínlẹ́yẹ ni orúkọ rẹ̀, obìnrin Èkìtì kan tí awò ojú rẹ̀ so mọ́ okùn lọ́rùn, tí kì í yára sọ̀rọ̀. Àlàájì Jibril àti ogún ènìyàn láti Olómidídùn ti jókòó lẹ́yìn. Àlàájì gbé ike omi kan dání láti inú kànga rẹ̀, bóyá wọn yóò béèrè.

Ọ̀gá kí wọn káàbọ̀ fún wákàtí kan ó lé. Ó sọ ìtàn ìyá rẹ̀. Ó jẹ dòdò àti ẹyin níwájú wọn ní àárín ọ̀rọ̀, ó ní kí wọ́n má bínú, ọpọlọ òun ń jẹun púpọ̀. Nígbà tí ó ṣe tán, Ọ̀jọ̀gbọ́n ní kí wọ́n fi kànga àkọ́kọ́ ní Olómidídùn hàn òun, ti 2003 àti ti 2010.

Abdulganiyy ṣí wọn lórí ògiri. Àmì kékeré méjì yọ, tí kò ju èékánná ọmọdé lọ.

“Ẹ bu omi sí i,” ni ọ̀gá wí.

Abdulganiyy fẹ̀ wọ́n. Wọ́n di táìlì.

“Ẹ tún bu sí i.”

Táìlì di ńlá. Ó tún ní kí wọ́n bu sí i. Wọ́n bu omi sí i títí tí táìlì kan ṣoṣo, aláwọ̀ ilẹ̀, fi gba gbogbo ògiri.

“Ẹ ò rí i bí ó ṣe wú,” ni ọ̀gá wí.

Ọ̀jọ̀gbọ́n gbé awò sójú. Ó mú un kúrò, ó nù ún, ó tún gbé e sójú. “Ọ̀gá, kí ni a ń wò?”

“Omi ni, mà.”

“Omi ni lóòótọ́,” ni Julius wí.

Ọ̀jọ̀gbọ́n béèrè bí ẹ̀dà tí wọn kò fún bá wà. Abdulganiyy mi orí pé kò sí. Ó wá béèrè bóyá fọ́tò kankan tilẹ̀ wà nínú kọ̀ǹpútà náà tí wọn kò fọwọ́ kàn. Ìdíátù ni ó dáhùn.

“Ó wà, mà. Ojú ọ̀gá.”

Irinwó ó lé méjìlá. Ọ̀jọ̀gbọ́n ní kí wọ́n ṣí èyí tí ó gbẹ̀yìn nínú àwọn tí ó kan omi. Wọ́n ṣí ti Olómidídùn, ọ̀gá níbi tí ó ti gbé ife sẹ́nu. Inú ọ̀gá dùn. Ó tún fìlà rẹ̀ ṣe, bí ẹni pé ẹni ara ògiri yẹn lè rí i.

“Ẹ fẹ̀ ẹ́,” ni Ọ̀jọ̀gbọ́n wí.

Fọ́tò yìí, kò sí ohun tí ó sọnù nínú rẹ̀. Bí wọ́n ṣe ń fẹ̀ ẹ́ ni ó ń mọ́lẹ̀ sí i. Irun imú ọ̀gá jáde lára ògiri, ẹyọ kọ̀ọ̀kan, ó nípọn bí okùn ìso ewúrẹ́. Àwọn ará Olómidídùn ń kà á. Wọ́n kọjá imú, wọ́n kọjá èjìká, wọ́n dé ọ̀dọ̀ Julius lẹ́yìn, wọ́n dé orí tówẹ̀lì funfun. Lábẹ́ tówẹ̀lì náà, ọ̀rá píọ̀ wọ́tà kan yọ etí, igun rẹ̀ já, ó ti ṣófo. Ẹ̀kán omi kan ṣì rọ̀ sí ibi tí ó já. Ní ẹsẹ̀ Julius, garawa kànga kún dé ẹnu.

Ọ̀jọ̀gbọ́n yíjú sí Julius. Kò tíì bi í léèrè tí ó fi dáhùn.

“Mà, mo lè bá ènìyàn jiyàn,” ni Julius wí. “Eléyìí, ó ti ká mi mọ́.”

Ọ̀gá ní ẹni orí ògiri yẹn kì í ṣe òun. Ó tún ní òun ni, ṣùgbọ́n oòrùn ọjọ́ yẹn ni ó tàn án jẹ. Àlàájì Jibril rọra dìde láti ẹ̀yìn, ó ń ṣí ike rẹ̀ bọ̀. Ó dé ẹsẹ̀ àtẹ̀gùn, ó da omi náà sínú ife, ó sì fi ọwọ́ méjèèjì gbé e sókè.

“Ọ̀gá wa,” ni ó wí, “ẹ má bínú sí àwa tí a kò kàwé. Lẹ́tà ọpẹ́ yẹn, mo fẹ́ kọ ọ́. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ mu ún lẹ́ẹ̀kan sí i.”

“Mo ń gbààwẹ̀,” ni ọ̀gá wí.

Àlàájì wo àwo dòdò. “Ààwẹ̀ yín yẹn, ẹ jọ̀ọ́, ìgbà wo ni ó bẹ̀rẹ̀?”

Ọ̀gá wo ife. Ó wo Julius. Julius ń wo bàtà ara rẹ̀. Ọ̀gá sún sẹ́yìn, ó sì gbàgbé pé orí pákó ni òun wà. Ó kọ́kọ́ já bọ́, àga tẹ̀ lé e, àwo dòdò tẹ̀ lé àga. Eruku ọdún méjì sọ lábẹ́ pákó náà. Nínú eruku ni ọ̀gá ti sín.

Kò sí ẹni tí ó dìde.

Ó dúró díẹ̀, bóyá wọn kò gbọ́. Ó tún sín. Ẹnì kan wú ikọ́ lọ́ọ̀ọ́kán, ó sì jókòó dáadáa.

Kí oṣù tó parí, wọ́n ti gbé e lọ síbi tí wọ́n ń kó bébà àtijọ́ sí ní Abúlé Ẹ̀gbá, níbi tí kò sí pákó, tí àga rẹ̀ sì kúrú. Julius ni ó ń wa ọ̀gá tuntun. Òkúta wà lẹ́nu ọ̀nà yàrá kọ̀ǹpútà, wọ́n fi ń ti ilẹ̀kùn. Gbogbo èyí dùn mọ́ onífọ́tò láti sọ, ibẹ̀ ni ó sì fẹ́ parí rẹ̀ sí. Èmi ni mo ní kí ó sọ ti páìpù.

Nígbà tí ariwo rọlẹ̀ lọ́jọ́ yẹn, Ìdíátù ti lọ bá Ọ̀jọ̀gbọ́n lẹ́gbẹ̀ẹ́ mọ́tò rẹ̀. Ó sọ gbogbo ohun tí ó rí nínú omi yẹn fún un, láti ọdún dé ọdún, ó fi ìka ya irun náà sí afẹ́fẹ́. Ọ̀jọ̀gbọ́n gbọ́ ọ tán.

“Mo gbà ọ́ gbọ́, ìyá,” ni ó wí. “Ṣùgbọ́n kì í ṣe ìgbàgbọ́ ni wọ́n rán mi wá gbé. Omi òní lè fi irun hàn mí. Kò lè fi hàn mí pé kò sí níbẹ̀ ní 2003. Ẹ máa ní láti bẹ̀rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀.”

Lọ́jọ́ Ajé, Ìdíátù bu omi nínú kànga Àlàájì, ó kán ẹ̀kán kan sórí gíláàsì, ó ya á lẹ́ẹ̀mẹta, ó kọ nọ́ńbà kìíní sí i lára. Ó kó o sórí sídíì mẹ́ta, ọ̀kan ní ọ́fíìsì, ọ̀kan lọ́dọ̀ Abdulganiyy, ọ̀kan nínú àpótí aṣọ rẹ̀ nílé. Ìwé ara ògiri tí ó ní olè ni ṣì wà níbẹ̀. Ó kà á, ó sì kọjá.

Ohun tí ó sọnù nìyí, bí wọ́n ṣe kọ ọ́ sí ojú ìwé tí ó kẹ́yìn. Fọ́tò omi: ẹgbẹ̀rún mẹ́tàlá ó lé igba ó lé méjìdínláàádọ́ta. Ọdún iṣẹ́: mẹ́jọ. Páìpù: ọ̀kan, kò tíì dé. Fọ́tò ọ̀gá: kò sí èyí tí ó sọnù.